Èmi Kọ́ Ni Mo Bu Kẹrosíìnì Sọ́kọ̀ Àlàájì

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí tí àwọn àna mi ti ń pè mí ní ẹni tó bu kẹrosíìnì sọ́kọ̀ Àlàájì. Wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ níbi òkú, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pín ẹran Iléyá. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ àbúrò ìyàwó mi kan, tó jẹ́ pé wọn ò tíì gbé ìyá rẹ̀ níyàwó nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, fa àga sún mọ́ mi, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ rò tẹ́ ẹ fi ṣe é?" Mo ní kí ni mo ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò fẹ́ dójú tì mí láàárín èrò. Ọjọ́ yẹn ni mo mú bírò.

N ò ní fi kún un, n ò sì ní yọ níbẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà rí kó tó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn tó ti bàjẹ́ tán, ìyẹn nígbà tí wọ́n ní kí n wá bá wọn tì í. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí mo sọ nípa ọkọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Irú ọkọ̀ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti dé ayé, wọ́n ń tà á, wọ́n ń gùn ún. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó jáde lẹ́nu mi ló kó bá mi, èmi nìkan kọ́ ni mo sì kó ara mi sí i.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ti ṣe yunifásítì tán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan lápá Òkè Padre, mo sì ń gbé nílé baba mi ní Bẹẹrẹ. Èmi àti ọmọbìnrin kan tá a jọ ṣe yunifásítì ti gbà láti fẹ́ ara wa. Baba rẹ̀ ló kù. Àlàájì ni baba náà, ọmọ Bẹyẹrúnkà, ìgàn ìgàn ló ń ta aṣọ ní Gbági. Kò kórìíra mi, kò kàn tíì rí ìdí tó fi yẹ kó fún mi lọ́mọ ni. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìrun alásàrí, kóun gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ní tóun bá gbọ́rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin fún wákàtí kan, òun á mọ irú òwú tí wọ́n fi hun ún.

Ọmọbìnrin náà ló kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ òṣèlú. Ó ní kí n má sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́, nítorí pé oorun máa ń gbé baba òun lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ baba òun ni kí n sọ, pé kò sóhun tí baba òun fẹ́ràn ju ọkọ̀ yẹn lọ lẹ́yìn Ọlọ́run, àti pé nígbà míì òun ò mọ èwo ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ló wá kì mí nílọ̀ pé n ò gbọdọ̀ bu gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá. Ó ní tí baba òun bá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì kan péré láàárín ọ̀rọ̀, á dìde, á wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni orúkọ tí baba rẹ̀ ń pe irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ ọ. Mo kọ èyí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sùn. Ó ti kà á, ó ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà nìyí. Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, irú ọkọ̀ tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ eré ìje sínú ara ọkọ̀ bọ̀rọ̀kìnní. Awọ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó rẹ̀. Fèrèsé kan wà lórí òrùlé rẹ̀ tó ń ṣí, tó sì ń pa dé fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Aago tó ń ka eré níwájú dírẹ́bà kọjá igba kìlómítà ní wákàtí kan. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti wọ Ìbàdàn, kò tíì kọjá gíà kejì. Láti Bẹyẹrúnkà sí Ọjà'ba, láti Ọjà'ba títí dé Gbági, ọ̀nà tóóró ni, ewúrẹ́ ni, ẹni tó ru igbá ni, ẹni tó dúró láàárín ọ̀nà tó ń kí ẹni tó wà lójú fèrèsé òkè ni. Mo fojú mi rí ewúrẹ́ kan tó yà á sílẹ̀ nísàlẹ̀ Mápó. Ewúrẹ́ náà ò sáré o, ó ń rìn ni. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa agbára àti eré, tí mo bá rí ọkọ̀ yẹn báyìí, àánú rẹ̀ máa ń ṣe mí bí ẹni pé wọ́n so ẹṣin mọ́ igi.

Ẹni tó ń wà á ni a ń pè ní Bàbá Dírẹ́bà. Ó ti fi lọ́rí kó kòkó fún ọdún púpọ̀ kí Àlàájì tó gbà á. Ó gbà pé gbogbo ẹ́ńjìnnì láyé lọ́rí ni, pé àwọn kan kàn wọ aṣọ tó dára ju àwọn yòókù lọ.

Mo múra sílẹ̀ fún ọjọ́ náà bí ẹni tó fẹ́ ṣèdánwò. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì, tí mo ń ka ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó tó ń kọ nípa ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ti ń rò ó bóyá àwọn á lè fi ẹ́ńjìnnì méjì sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀kan á máa mu bẹntiróòlù, èkejì á máa lo iná inú bátìrì. Ọ̀pọ̀ wọn ní ọkọ̀ kéékèèké ni wọ́n máa fi ṣe. Èmi ò gbà. Mo jókòó nínú ilé ìkàwé yẹn, mo ronú títí, mo sì rí i pé ọkọ̀ bíi ti Àlàájì gan-an ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: ọkọ̀ tó lágbára rẹpẹtẹ tí kò ráàyè lò ó.

Nígbà tí mo dé Bẹyẹrúnkà, Àlàájì wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ télọ̀ ní Òjé jókòó tì í, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Télọ̀, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kankan kọjá lẹ́nu òun láìfi ẹ̀rín sí i. Bàbá Dírẹ́bà wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú àkísà, ó ń nu iná iwájú ọkọ̀ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí n jókòó.

Mo yin ọkọ̀ náà, mo sì yìn ín dáadáa, pẹ̀lú iye sìlíńdà tó wà nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ojú Àlàájì là. Mo wá ní kí n sọ fún wọn bí àwọn ọmọ ọkọ̀ yìí á ṣe rí ní ọjọ́ iwájú. Mo ní àwọn òyìnbó tó ṣe é ti ń rò ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ iwájú ni mo wí. Ẹ fi sọ́kàn.

Mo ní tó bá di bí ogún ọdún sí i, irú ọkọ̀ yìí kan náà, onílẹ̀kùn mẹ́rin, aláwọ nínú, á ní ẹ̀rọ oníná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Tí Àlàájì bá wà láàárín Bẹyẹrúnkà, tí ó ń fà díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ru igbá, ẹ́ńjìnnì á kú, iná á máa gbé e lọ, kò ní jó bẹntiróòlù ẹyọ ẹ̀kán kan. Tó bá dé títì Èkó tó gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì á jí. Tí wọ́n bá wá fẹ́ ya lọ́rí sílẹ̀, méjèèjì á jọ ti ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìn Àlàájì á kàn lẹ̀ mọ́ àga ni. Bàbá Télọ̀ bi mí bóyá mo fẹ́ pa àwọn ewúrẹ́ àdúgbò tán. Mo ní fún ti ewúrẹ́, búréèkì wà. Ọ̀rọ̀ búréèkì yìí ni mo fi bọ́ sí ibi tó dùn mọ́ mi jù. Mo ní nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Mápó, tí wọ́n ń tẹ búréèkì, agbára kan ń ṣòfò níbẹ̀. Ẹ̀rọ oníná á gba agbára yẹn, á sọ ọ́ di iná, á fi pamọ́ sínú bátìrì.

Bàbá Télọ̀ sún síwájú lórí àga. "Ìyẹn ni pé tí mo bá ń gbé lókè Mápó, tí mò ń sọ̀ kalẹ̀ láràárọ̀, mi ò ní ra epo mọ́ láyé."

"Ẹ ṣì máa gòkè padà nírọ̀lẹ́, sà."

"Màá fẹsẹ̀ gòkè."

Àlàájì bi í pé ta ni yóò wá gbé ọkọ̀ náà gòkè fún un. Ó ní dírẹ́bà Àlàájì ni. Bàbá Dírẹ́bà yí àkísà rẹ̀ síbòmíì. Ẹ ṣàkíyèsí pé ó wà níbẹ̀, pé kò sì dití.

Àlàájì wá béèrè bóyá ọkọ̀ náà á máa dún nígbà tó bá wà lórí iná. Mo fi ayọ̀ sọ fún un pé kò ní dún rárá, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ ọn lẹ́nu ni. Inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó ní, "Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé mo ti dé?" Ìbéèrè gidi ni. Ní Bẹyẹrúnkà, tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn bá ti dún ní ìkòríta, àwọn ọmọ ilé á sáré mú ìwé, àwọn obìnrin á gbé omi sí ibi tó yẹ, ẹni tó jókòó sórí àga Àlàájì á dìde. Mo ní wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tí á máa pariwo bí ẹ́ńjìnnì. Bàbá Télọ̀ ní tó bá jẹ́ pé wọ́n máa fi ohùn sí i náà ni, kí wọ́n kúkú jẹ́ kó máa ki Àlàájì wọlé. Àlàájì ò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó rò ó wò.

Ibi tí mo ti borí wọn pátápátá ni ìgbà tí iná ilé lọ lójijì, tí fáànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Mo ní mi ò rò pé ó lè pẹ́ títí kí wọ́n tó lè fa wáyà láti ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé, kí bátìrì rẹ̀ máa gbé fáànù àti gílóòbù títí àwọn oníná á fi rántí wa. Àlàájì gbé fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó ní, "Ọkọ̀ mi á máa tanná fún mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ọkọ̀ yìí? Mo ní ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, kọ́tìnnì mì. Ká ní mo dìde lọ́wọ́ ibẹ̀ yẹn ni, tí mo dọ̀bálẹ̀, tí mo gba ilé mi lọ, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ̀ ẹ́ bá máa kà lónìí.

Àlàájì wá béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Háíbíríìdì ni. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Mo rántí ìkìlọ̀, mo gbé e mì. Mo wá ń wá Yorùbá rẹ̀ nínú orí mi, pẹ̀lú ojú àgbà méjì lára mi. Ìbaaka kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, nítorí ọmọ ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, òun gan-an sì ni ìtumọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ wá ọmọ tọrọ kó pe ọkọ̀ bàbá ọmọ ní ìbaaka? Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì tún wá. Ó dára, ó yé èèyàn, kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Mo kọ̀ ọ́, torí pé ó gùn, àti pé ẹni tó gboyè yẹ kó ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe ṣókí. Ibẹ̀ ni mo gbà pé ẹ̀bi mi wà, ó sì mọ níbẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ̀ àbùlà ni, sà."

Ẹni tí kò bá mọ Gbági lè rò pé kò sí nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹlẹ́mu tó da omi sí ẹmu, àbùlà ló ṣe. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, àbùlà ni aṣọ tí wọ́n pè ní òwú gidi tí wọ́n ti hun òwú rọ́bà mọ́ ọn. Ìṣáná máa ń wà nínú àpò rẹ̀ nígbà gbogbo. Á fa fọ́nrán kan yọ létí aṣọ níwájú oníbàárà, á ṣáná sí i: tó bá di eérú, òwú ni, tó bá ká jọ, tó le bí ìlẹ̀kẹ̀, àbùlà ni. Orí èyí ni orúkọ rẹ̀ dúró lé ní gbogbo ọjà. Orúkọ yẹn kan náà ló sì ń pe Yorùbá tí wọ́n bu gẹ̀ẹ́sì mọ́, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn náà, lẹ́nu ẹni tó yẹ kó ti sọ fún mi ṣáájú.

Àlàájì dé fìlà rẹ̀ padà. Ó ní àwọn á ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Bàbá Dírẹ́bà ń wo ọkọ̀ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àṣírí aládùúgbò rẹ̀ fún.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, wọn ò ránṣẹ́. Láàárín rẹ̀ ni bẹntiróòlù wọ́n. Ìlà ọkọ̀ ní ilé epo yípo, ó lọ, ó tún padà wá bá ara rẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí mo parí iṣẹ́, tí mò ń lọ ra ìwé àkọsílẹ̀ l'Ọ́jà'ba, mo rí èrò lójú ọ̀nà tó gun òkè Mápó, mo rí èéfín funfun lórí wọn, mo sì gbọ́ òórùn kan tí gbogbo ẹni tó bá ń fi sítóòfù dáná mọ̀.

Ọkọ̀ Àlàájì ni. Ó dúró ní agbedeméjì òkè náà, ó ń wúkọ́. Àlàájì wà lẹ́yìn pẹ̀lú agbádá Jímọ́ọ̀, fèrèsé orí òrùlé ti ṣí, ó kọ̀ kò pa dé, èéfín ń gba ibẹ̀ wọlé bá a. Obìnrin kan tó ń ta ata lẹ́bàá ọ̀nà dìde dúró, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀wọ̀, ó ní, "Àlàájì, ẹ kú oúnjẹ o. Ṣé ẹ̀wà lẹ gbé kaná ni àbí iṣu?" Gbogbo òkè Mápó rẹ́rìn-ín, àfi Àlàájì, àfi èmi.

Bàbá Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó nàka sí mi láàárín èrò. Ó ní, "Tíṣà nìyẹn. Ẹ bi í. Òun ló ní àbùlà ni irú ọkọ̀ yìí."

Mo la ẹnu láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná àti kẹrosíìnì. Àlàájì ò yí ọrùn wò mí. Ó ní, "Tíṣà, tì í."

Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án nìyẹn. Àwa mẹ́rin la yí i padà, tá a fi dídì mú un sọ̀ kalẹ̀ títí dé ibi tó tẹ́jú, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan ṣoṣo tí mo ní nígbà náà. Nígbà tí Bàbá Télọ̀ gbọ́, ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni pé bá a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ yẹn, ṣé iná wọ inú bátìrì.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, àga kan náà, ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n jókòó. Àlàájì sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé ọ̀rọ̀ ìyàwó tí mo bá wá ti dúró, pé tóun bá rí i pé èmi ni mo ba ọkọ̀ òun jẹ́, òun ò ní í fọmọ fún mi. Ó wá ní kí Bàbá Dírẹ́bà sọ tẹnu rẹ̀.

Bàbá Dírẹ́bà rojọ́ dáadáa, ìyẹn náà dùn mí. Ó ní òun tò ní ilé epo láti ìdájí, ohun tóun rí kò tó ìdajì tánkì. Ó ní òun rántí pé Tíṣà ní bẹntiróòlù díẹ̀, nǹkan míì díẹ̀, inú ọkọ̀ kan náà. Òun bu gálọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ nínú kẹrosíìnì ilé ìdáná, òun dà á sí i. Ó ní ẹni tó gboyè ló sọ ọ́, ojú Àlàájì ló sì ti sọ ọ́, Àlàájì ò sì ní irọ́ ni. Ó ní, "Ó ní àwọn òyìnbó tó ṣe ọkọ̀ náà ti ń rò ó. Mo ní tí àwọn tó ṣe é bá ti ń rò ó, ọkọ̀ náà á ti máa retí ẹ̀."

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bi í ní ìbéèrè kan. Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ 'ọjọ́ iwájú' lẹ́nu mi, àbí ẹ ò gbọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Bàbá Télọ̀ sunkún ẹ̀rín. Mo ṣàlàyé bátìrì, mo ṣàlàyé wáyà, mo ní kò sí ibì kankan nínú ọ̀rọ̀ mi tí mo ti dárúkọ kẹrosíìnì. Àlàájì gbọ́ mi tán, ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo lòun ní. Ṣé mo pè é ní àbùlà àbí mi ò pè é? Mo ní mo pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n. Ó ní òun ò béèrè ṣùgbọ́n. Ó ti mú páálí ìṣáná jáde lápò, ó ń yí i po lọ́wọ́ bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń ronú. Bàbá Télọ̀ wò ó títí, ó ní, "Ìṣáná ọwọ́ ẹ yẹn, ṣé Tíṣà lo fẹ́ jó wò ni?"

Ìgbà náà ni ọmọbìnrin náà jáde lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó sì kúnlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó jáde. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo ní kó má sọ gẹ̀ẹ́sì. Ó ní orúkọ tó ń jẹ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ká ní ó sọ ọ́, ẹ̀ ẹ́ bá ti dìde lọ. Àbùlà wà ní ṣọ́ọ̀bù yín lápá òsì, ẹ kọ ọ́ sí i lára, ẹ̀ ń tà á fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ máa ń ní ẹni tó bá pè é ní àbùlà kó tó tà á ò rẹ́ni kankan jẹ. Ó pè é ní àbùlà níṣojú yín, níṣojú Bàbá Télọ̀, níṣojú Bàbá Dírẹ́bà. Ta ló wá rẹ́ jẹ?"

Àlàájì wo apá òsì, bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó bi mí pé kí ni gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo ní háíbíríìdì. Ó gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀mejì, kò lọ, ó ní ó dáa tí mi ò sọ ọ́. Ó da ìṣáná padà sápò.

Ìdájọ́ rẹ̀ nìyí, bó ṣe sọ ọ́. "Màá fún ẹ lọ́mọ. Òwú ni ẹ́, ìhun ẹ ni ò dáa. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ìwọ ò gbọdọ̀ sọ nǹkan kan lórúkọ mọ́. Ọmọ tẹ́ ẹ bá bí, èmi ni n ó máa sọ wọ́n lórúkọ. Adìyẹ tẹ́ ẹ bá sìn, tó bá jẹ́ dandan kó lórúkọ, kí ẹ wá bi mí."

Mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Kí ni ǹ bá ṣe? Mo fẹ́ ọmọbìnrin náà. Mo wò ó pé ẹni tí kò bu kẹrosíìnì, tí kò wa ọkọ̀, tí kò tò ní ilé epo, òun ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ baba lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Dírẹ́bà ní tirẹ̀, wọ́n kàn ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ ni.

A ṣe yìgì. Nígbà tí àkọ́bí wa fẹ́ dé, mo ti ní orúkọ kan lọ́kàn, mo sì sọ ọ́ fún ìyàwó mi nìkan, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Lọ́jọ́ kẹjọ, Àlàájì dé nínú ọkọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, ní gíà kejì, ó sọ orúkọ sí ààfáà létí. Orúkọ tí mo ti mú sílẹ̀ gan-an ni. Mo yí sí ìyàwó mi. Ó ń tún aṣọ ọmọ ṣe, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Àlàájì ní kí gbogbo èèyàn wo orúkọ tó mọ́, orúkọ tí kò ní àbùlà nínú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Bó ṣe rí fún ọmọ kejì náà nìyẹn.

Mo bi ìyàwó mi léèrè. Ó ní ṣe ni ọkàn èmi àti baba òun kàn ṣe kòńgẹ́. Mi ò gbà, ẹni tó kọ́ físíìsì kì í gbà bẹ́ẹ̀. Á dán an wò. Nígbà tí ẹ̀kẹta ń bọ̀, mo fi orúkọ tí mo fẹ́ pamọ́ sínú mi. Mo wá orúkọ kan tí mi ò fẹ́ rárá, orúkọ tó gùn, tó le lẹ́nu, tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ ní Bẹẹrẹ tàbí ní Bẹyẹrúnkà, mo sì sọ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé òun ni mo fẹ́. Ó wò mí, ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú gan-an.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Àlàájì tẹ̀ sí ààfáà létí, ó pẹ́ níbẹ̀, nítorí ààfáà ní kó tún orúkọ gígùn náà pè. Báyìí ni mo ṣe mọ̀ dájú pé ìyàwó mi ló ń gbé orúkọ lọ bá baba rẹ̀, àti pé èmi ni mo sọ gbogbo ọmọ mi lórúkọ. Ẹ̀rí náà wà, kò sẹ́ni tó lè jà á níyàn. Ọmọ náà ti di àgbàlagbà báyìí, ó ń kọ orúkọ ọ̀hún sórí ìwé fún àwọn èèyàn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé wọn, ó sì máa ń bi mí pé kí ni Bàbá Àgbà rò tó fi sọ òun bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ fún un nígbà púpọ̀. Ìyàwó mi á wò mí, màá sì ní kó lọ bi ìyá rẹ̀.